Báwo lẹ ṣe máa to tábìlì líìgì Ireland fún sáà 2026?

Abọ́ọ̀lùdé
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ìdíje àsọtẹ́lẹ̀ líìgì Ireland ti dé níbi iṣẹ́ wa ní Dublin. Ikọ̀ mẹ́wàá la máa tò láti ipò kìíní dé ìkẹwàá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kejì. Bí mo bá fi ikọ̀ kan sí ipò 3, tó wá parí sí 7, àṣìṣe mi ti di 4 nìyẹn. Wọ́n á ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹni tí tiẹ̀ bá kéré jù ló ni owó. Líìgì England nìkan ni mo ń wò. Dundalk tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè yìí, ṣé ìsàlẹ̀ pátápátá ni kí n jù ú sí?

OníṢírò
Rárá o. Ẹ gbàgbé ti England ná. Ikọ̀ mẹ́wàá péré ló wà níbí, olúkúlùkù sì ń pàdé ẹnìkejì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 36 lápapọ̀. Wọ́n mọ ara wọn débi pé ọ̀mì máa ń pọ̀. Shelbourne tó gba ife lọ́dún 2024 borí 17, ó gbá ọ̀mì 12, ó pàdánù 7: àmì 63. Shamrock Rovers tó ṣìkejì ní 61.

Kí ẹ tó to ohunkóhun, ẹ mọ àṣìṣe tó pọ̀ àti èyí tó kéré. Ẹni tó bá kàn fa orúkọ yọ látinú fìlà á máa rí nǹkan bí 33. Èyí tó burú jù ni 50. Ẹni tó da tábìlì 2023 kọ fún 2024, tó fi Galway àti Waterford tó gòkè sí 9 àti 10, 24 ni àṣìṣe tó máa rí. Àṣìṣe lórí ikọ̀ kọ̀ọ̀kan rèé: Rovers 1, Derry 2, Shelbourne 3, Dundalk 5, Bohemians 2, Drogheda 2, Sligo 2, Galway 4, Waterford 3. St Patrick's nìkan ni kò kúrò lójú kan. Ìdàkọ lásán ti dín 9 kù nìyẹn, torí náà ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa tún un ṣe.

Ní ti Dundalk, ẹ wo ibi tí àwọn tó gba ife ìpele kejì parí sí lọ́dún tí wọ́n gòkè: Drogheda 7 (2021), Shelbourne 7 (2022), Cork 9 (2023), Galway 5 (2024), Cork 10 (2025). Ẹ tò wọ́n, 5, 7, 7, 9, 10. Èyí tó wà láàárín gan-an ni ẹ máa mú bó bá jẹ́ àlàfo tó wà láàárín ipò tí ẹ sọ àti ipò tí ikọ̀ parí sí ni wọ́n ń kà. Ẹ fi Dundalk sí 7.

ÌyáÌbejì_Tallaght
Àbúrò mi, ìṣirò dáa, ṣùgbọ́n tábìlì kì í sọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Dundalk tó já láti 5 sí 10 lọ́dún 2024, owó ló kọ́kọ́ dà á láàmú. Ẹgbẹ́ yẹn pààrọ̀ olówó, akọ́nimọ̀ọ́gbá mẹ́ta sì ló lò nínú sáà kan ṣoṣo: Stephen O'Donnell, Noel King, Jon Daly. Ẹni tó bá wo tábìlì nìkan kò lè rí ìyẹn.

Torí náà, yẹ àwọn tó lọ wò kó o tó wo àwọn tó dé. Mason Melia ti fi St Patrick's sílẹ̀ lọ sí Tottenham. Ta ló máa wá máa gbá bọ́ọ̀lù wọlé? Bí o kò bá rí ìdáhùn, má gbé wọn kọjá 5.

Lẹ́yìn náà, oṣù Keje. Ìdíje Yúróòpù máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà yẹn: ìrìn àjò lọ́jọ́bọ̀, líìgì lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ẹgbẹ́ England náà á sì tún máa wá ra agbábọ́ọ̀lù. Ikọ̀ tí àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ kò bá tó nǹkan, ibẹ̀ ló ti ń dákú. Rovers lè fara dà á. Wọ́n gba ife láti 2020 dé 2023, wọ́n tún gbà á ní 2025 pẹ̀lú ife FAI, ìyẹn ife ẹ̀yẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ireland. Fi wọ́n sí 1, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Abọ́ọ̀lùdé
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ṣùgbọ́n àwa tó wà nínú ìdíje náà lé ní ogójì.

Kọ́lá_Oníbẹ́ẹ̀tì
Haa, ẹ ò bá ti tètè sọ! Bí èrò bá pọ̀ tó yẹn, àárín tí OníṢírò ń sọ kò ní jẹ́ kí ojú tì yín, àmọ́ kò ní fún yín lówó. Gbogbo wọn ló máa fi Rovers sí 1. Ẹ gbọ́dọ̀ yàtọ̀ níbì kan, láàárín 4 sí 9 ni kó ti jẹ́. Bí ẹ bá pààrọ̀ ikọ̀ méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, 2 ni ohun tó lè bá yín jù. Bí ẹ bá gbé ikọ̀ kan láti 8 lọ sí 1, ó lè jẹ 7 lórí òun nìkan, méje tí ẹ tì sísàlẹ̀ náà á sì jẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan: 14. Ìyẹn kì í ṣe ìgboyà mọ́.

Tèmi rèé: Rovers, Derry, Shelbourne, Bohemians, St Patrick's, Drogheda, Dundalk, Sligo, Galway, Waterford. Ẹni tó bá ṣe 10 ti já nìyẹn. 9 ṣì máa lọ gbá àgbáyọ pẹ̀lú ikọ̀ láti ìpele kejì, ẹni tó bá borí ló máa wà ní líìgì ńlá. Waterford gba ibẹ̀ yọ lọ́wọ́ Bray Wanderers ní 2025.

OníṢírò
Mo fara mọ́ ọn, àyàfi 6 àti 7. Bí ẹ bá ń wá ibi tí ẹ ti máa yàtọ̀, ẹ gbé Dundalk síwájú Drogheda. Ará Louth ni àwọn méjèèjì, wọ́n á pàdé lẹ́ẹ̀mẹrin, àmì 12 ló wà nílẹ̀ níbẹ̀.