Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ibo ló yẹ kí agbára ẹgbẹ́ onílé dé?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ògbómọ̀ṣọ́. Ayálégbé ni mí lápá Under G. Lẹ́yìn tí olè jà nílé mẹ́ta lóru ọjọ́ kan, ẹgbẹ́ onílé wa gba ọdẹ, wọ́n ṣe géètì sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì ṣòfin. Tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, géètì á tì. Ẹni tí kò bá san owó ọdẹ, wọ́n á já wáyà iná rẹ̀ lórí òpó. Ẹni tí kò bá jáde wá kó gọ́tà á san owó ìtanràn.

Mi ò bínú sí géètì o. Látìgbà náà la ti ń sùn fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, ara ọmọ mi gbóná janjan lóru. A dé ìdí géètì, ṣéènì rèé, àgádágodo rèé, ọdẹ ní ọwọ́ alága ni kọ́kọ́rọ́ wà. Ọkọ mi lọ ń kan ilẹ̀kùn alága títí, èmi dúró pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Nígbà tí a fẹjọ́ sùn, wọ́n ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kó jáde. Ṣé ká kàn gbà bẹ́ẹ̀?

Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á wo ọmọ sàn. Ẹni tó jókòó ti géètì ló yẹ kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí iná bá sọ nílé kan ńkọ́?

Akọ̀wé: Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò tèmi. Ká sòótọ́, bí a ò bá le, àwọn kan ò ní sanwó láéláé, ọdẹ kì í sì ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ìtanràn dára. Ṣùgbọ́n iná jíjá, àwa ti fi sílẹ̀. Ta lẹ ní kó gun òpó? Iná lè pa á. Kóòtù ìbílẹ̀ wà fún onígbèsè.

Ọmọ LAUTECH: Wọn kì í pe àwa ayálégbé sípàdé. Ọjọ́ owó nìkan ni wọ́n ń rántí wa.

Bàbá Tamale: Gáná ni wọ́n ti bí mi. Ẹgbẹ́ àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ níbẹ̀ le ju tiyín lọ. O ò wá sípàdé, o sanwó. Ìjà láàárín wa kì í dé tésàn kí àgbà tó dá sí i. A sì gbà, torí ojú gbogbo wa ni wọ́n ti ń ka owó, alága náà sì ń san ìtanràn. Nígbà tí Busia, olórí ìjọba Gáná nígbà náà, fún àlejò tí kò níwèé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré lóṣù kọkànlá 1969 kí wọ́n gbà á tàbí kí wọ́n kó jáde, ara wa la fi ara wa tì. Ẹ bi alága yín bóyá òun náà ti san ìtanràn rí.

Lọ́yà: Abala 41 ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 fún wa lómìnira láti rìn. Nígbà Kòrónà ní 2020, tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣòfin kónílé-ó-gbélé lálẹ́, wọ́n yọ òṣìṣẹ́ ìlera sílẹ̀. Bí ìjọba bá lè yọ wọ́n sílẹ̀, ẹgbẹ́ onílé kò láṣẹ láti há aláìsàn mọ́lé. Kí ọdẹ ti géètì, kó máa bi àlejò léèrè, ó tọ́. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé sí ẹgbẹ́, kí ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀.

Oníbéèrè: Ẹ ṣeun gan-an, ara ọmọ ti yá. Ọjọ́ Àìkú ni ìpàdé. Màá kọ ìwé náà lálẹ́ òní: kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọdẹ, ayálégbé méjì nínú ìgbìmọ̀, kí wọ́n má sì já wáyà ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá ń gbé ládùúgbò wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá mi fọwọ́ sí i.