Ọmọ mi fẹ́ wọ fratánítì: kí ni kí n bi í?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé tá a jọ wà l'Amẹ́ríkà. Ọmọkùnrin mi tó wà ní ọdún kejì ní yunifásítì ní òun fẹ́ wọ Alpha Phi Alpha, fratánítì (ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin) táwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú dá sílẹ̀ ní yunifásítì Cornell lọ́dún 1906, tí Martin Luther King náà wà nínú rẹ̀.

Bí bàbá rẹ̀ ṣe gbọ́ "ẹgbẹ́" báyìí, ẹgbẹ́ òkùnkùn ló wá sí i lọ́kàn: àáké, ìbọn. N ò bá a wí. Nígbà táwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹgbẹ́ Pyrates sílẹ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 1952, ta ló mọ̀ pé ibi tọ́rọ̀ máa já sí nìyí?

Èmi ti lọ wò wọ́n níbi tí wọ́n ti ń jó step. Àtẹ́wọ́ àtẹsẹ̀ nìkan ni ìlù wọn (díẹ̀ ló kù kí n ná wọn lówó!). Wọ́n tún máa ń forúkọ aráàlú sílẹ̀ fún ìbò.

Ìgbà tí wọ́n bá ń gba ọmọ tuntun wọlé ló ń já mi láyà. Ẹgbẹ́ fúnra rẹ̀ ti fòfin de fífìyà jẹ ọmọ tuntun, òfin ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá 2024 sì ní kí yunifásítì máa kéde ẹgbẹ́ tó bá ṣe é. Síbẹ̀, a ṣì ń gbọ́ pé ọmọ kú níbí, ọmọ kú lọ́hùn-ún.

Ẹ̀yin tọ́mọ yín ti wọ irú ẹgbẹ́ yìí, èló ló ná yín? Ṣé máàkì rẹ̀ ò já wálẹ̀? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ tí wọ́n bá ń lu ọmọ tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀? Bàbá rẹ̀ ti ní òun ò ní san kọ́bọ̀. Kí ni kí n sọ fún un?