Ikán wọ férémù ilẹ̀kùn ilé bàbá wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ìbéèrè: Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́. Mo rí ilà ẹrẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tó gun ògiri dé férémù ilẹ̀kùn, nígbà tí mo sì kan igi náà, ó dún bí ohun tó ṣófo. Mo da kẹrosíìnì sí i, ṣùgbọ́n ilà mìíràn tún yọ.

Ìdáhùn: Àbúrò, ikán ni. Inú ilà yẹn ni wọ́n ń gbà kí ara wọn má baà gbẹ. Kẹrosíìnì kò lè dé itẹ́ wọn nínú ilẹ̀, níbi tí ayaba wọn ti ń yé ẹyin. Ẹ wá ẹni tó mọ oògùn apakòkòrò bíi fipronil lò, kí ó dà á sínú kòtò tóóró yí ìpìlẹ̀ ilé ká, nítorí pé àwọn ikán òṣìṣẹ́ kì í fura sí i, wọn yóò sì kó o ran àwọn yòókù. Ṣé kànga wà nítòsí? Oògùn náà kò gbọdọ̀ wọ inú omi rẹ̀.

Ìdáhùn mìíràn: Ní ilé ìkẹ́rùsí wa ní Ṣágámù, páálí tó fara ti ògiri ni ikán kọ́kọ́ jẹ, láti ìgbà náà ni a ti ń fi àyè sílẹ̀ láti máa yẹ ẹsẹ̀ ògiri wò.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Kànga wà lẹ́yìn ilé ìdáná. N óò kọ́kọ́ fi han ẹni tí yóò ṣe é.