Ọ̀gá ní kí n ṣe intranet fún iléeṣẹ́ wa ní Àkúrẹ́. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Akọ̀wé Oníkòkó:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará gúrúùpù. Ọ̀rọ̀ kan dé ọwọ́ mi tó fẹ́ ju agbára mi lọ, ẹ gbà mí.

Iléeṣẹ́ tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó ìwé àti ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé ni olú iléeṣẹ́ wà, a ní ẹ̀ka kan ní ìlú Oǹdó, a sì ní ilé ìkẹ́rù sí ní Ìdànrè. Gbogbo wa jẹ́ 46: 29 ní Àkúrẹ́, 11 ní Oǹdó, 6 ní Ìdànrè.

WhatsApp la fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Iye tí a ó ra kòkó lónìí, WhatsApp. Fọ́ọ̀mù ìsinmi, WhatsApp. Bí ìyàwó ẹnìkan bá bímọ, "Ẹ kú ewu ọmọ" bí ogójì á tò tẹ̀lé ara wọn, mẹ́mò tí ọ̀gá fi síbẹ̀ láàárọ̀ á sì ti rì sísàlẹ̀. Oṣù tó kọjá, iye àná ni ẹni wa ní Ìdànrè fi ra ọjà nítorí kò rí ti òní. Owó tó bá a lọ kì í ṣe owó kékeré. Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí a tún fi rí i pé ẹnìkan tó ti fi wá sílẹ̀ láti èṣí, tó ti ń bá oníkòkó mìíràn ṣiṣẹ́, ṣì wà nínú gúrúùpù. Ojoojúmọ́ ló ń ka iye wa. Kò sọ̀rọ̀ rí, kò tilẹ̀ kí ẹni tó bímọ. Ẹ̀rù ba ọ̀gá.

Lọ́jọ́ Ajé ó pè mí, ó ní, "Ìyáàfin, ẹ lọ ṣe intranet fún wa kí àsìkò kòkó ńlá tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kẹwàá." Ẹnìkan ti mú ìwé owó wá: server ńlá (kọ̀ǹpútà tí àwọn kọ̀ǹpútà yòókù á máa gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀), àpótí onírin tí wọ́n á tì í mọ́, wáyà, software. Àpapọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ọkọ̀ tòkunbọ̀. N kò mọ̀ bóyá ó pọ̀ jù tàbí bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Òkè-Àró:

Ẹ ra àpótí onírin náà. Bí intranet kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ó máa kó ìkòkò ọbẹ̀ pamọ́ sínú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ Ọgbà FUTA:

Ẹ má san kọ́bọ̀ fún oníwèé owó yẹn ná. Intranet kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n ń gbé sí kọ̀rọ̀ yàrá. Ojú-ewé ni, irú èyí tí ẹ ń ṣí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́, àmọ́ ará ilé nìkan ló ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ibi tí ẹ fẹ́ gbé e sí ni ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ lè gbé e sínú ọgbà yín. Ẹ ó fi switch (àpótí kékeré tí wáyà àwọn kọ̀ǹpútà ń pàdé sí) àti Wi-Fi so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, wọ́n á máa lo àdírẹ́sì abẹ́lé, àwọn tó máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 192.168 tàbí 10 yẹn, tí ará ìta kò lè pè tààrà. Ohun tí ẹ bá gbé sórí ọ̀kan, gbogbo ilé á rí i láìná dátà. Ẹ rántí ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024, tí àwọn wáyà abẹ́ òkun já ní agbègbè Abidjan, tí íńtánẹ́ẹ̀tì dà bí ìgbín káàkiri Nàìjíríà. Ẹni tí tirẹ̀ wà nínú ọgbà ń ka mẹ́mò rẹ̀ lọ ní tirẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Kọ̀ǹpútà kékeré tó ní RAM 8GB àti SSD ti tó ènìyàn 46. Iná tó ń jẹ kò tó ti gílóòbù àtijọ́ kan, inverter yín á gbé e. Software ọ̀fẹ́ wà: BookStack, DokuWiki, WordPress pàápàá. Bí ẹ bá máa fa wáyà, ẹ má jẹ́ kí ẹyọ kan ju mítà 100 lọ láti ibi switch dé ibi tó ń lọ, torí pé lẹ́yìn ìyẹn kò ṣeé fọkàn tán mọ́.

Àmọ́ Oǹdó àti Ìdànrè kò sí nínú ọgbà yín. Kí wọ́n tó lè wọlé, ẹ nílò VPN, ìyẹn ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì wọ ọgbà yín, bíi WireGuard, kí íńtánẹ́ẹ̀tì àti iná Àkúrẹ́ sì wà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ń wá yín. Iná wo ni ẹ̀ ń lò?

Akọ̀wé Oníkòkó:

Ẹ ṣeun, sà. Inverter wà, ṣùgbọ́n tó bá ti di aago mẹ́ta ọ̀sán ó ti ń ké bí ọmọ tuntun. Íńtánẹ́ẹ̀tì wa, router tó ń lo sím ni. Àwọn ti Ìdànrè kò ní kọ̀ǹpútà, fóònù ọwọ́ wọn ni wọ́n ń lò.

Ìyá Ìbejì Òkè-Ìjẹ̀bú:

Ẹ̀gbọ́n yín ni mí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí.

Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣe intranet fún wa, ó rẹwà bí ìyàwó tuntun. Fọ́tò ọ̀gá àgbà ló wà níwájú, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀. Ẹ bá tẹ ibí, ẹ rí ìtàn iléeṣẹ́. Ẹ bá tẹ ọ̀hún, ẹ rí ìran tí iléeṣẹ́ ń rí fún ọjọ́ iwájú. Oṣù méjì ni, ó parí. Kò sẹ́ni tó ṣí i mọ́. Fọ́ọ̀mù ìsinmi tó wà níbẹ̀, ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ lò ó, wọ́n dá a padà fún un, ó sì ròyìn fún gbogbo ilé pé "ẹ má dá nǹkan yẹn lóhùn." Ìgbà tí òṣìṣẹ́ bá ti rí irọ́ lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀, ẹ máa ṣiṣẹ́ ọdún kan kó tó padà gbà yín gbọ́.

Bí a ṣe tún un ṣe rèé. Mo ra ìwé aláwọ̀ pupa kan ní Ọjà Ọba, mo gbé e sórí tábìlì mi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni bá wá bi mí, mo kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́ ìsinmi mélòó ló kù fún mi, ilé ìwòsàn wo ló ń gba káàdì HMO wa, ta ni mo máa pè bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lọ́nà. Ohun tó wà nínú ìwé pupa yẹn nìkan la kó sórí intranet. A ò fi fọ́tò ẹnikẹ́ni síbẹ̀. A kọ orúkọ ẹni tó ni ojú-ewé kọ̀ọ̀kan sísàlẹ̀ rẹ̀ àti ọjọ́ tó yẹ̀ ẹ́ wò gbẹ̀yìn.

Èyí tó le jù wá kù: mo jáwọ́ nínú dídá wọn lóhùn lórí WhatsApp. Ẹni bá béèrè fọ́ọ̀mù, línkì ni mò ń fi ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní mo ti ń ṣe ìgbéraga. Mo gbà. Kò pé oṣù kan, wọ́n mọ ọ̀nà ibẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ ọ̀nà ilé oúnjẹ.

Nítorí náà, ẹ wá ìwé ná kí ẹ tó wá server.

Ará Oǹdó Tòótọ́:

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí dùn mọ́ mi. Ẹ̀ka ni èmi ń bá ṣiṣẹ́, níbòmíràn, kì í ṣe ti yín. Ẹ̀yin olú iléeṣẹ́, kọ̀ǹpútà ńlá lẹ fi ń ṣe nǹkan, ẹ ó wá ní kí àwa tá a wà lábẹ́ páànù ṣí i lórí fóònù tí gíláàsì rẹ̀ ti là. Ẹ jọ̀wọ́, iye kòkó ni kó kọ́kọ́ yọ, ní lẹ́tà ńlá, láìsí àwòrán kankan tó máa jẹ dátà. Kí ọjọ́, aago àti orúkọ ẹni tó fi iye náà síbẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Kí ẹnìkan ṣoṣo lágbára láti yí i, kí igbá kejì rẹ̀ sì wà fún ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò bá yá. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó ti kà á, ẹ fi bọ́tìnì "Mo ti rí i" síbẹ̀. Ẹni tí kò bá tẹ̀ ẹ́ títí di aago mẹ́jọ, ẹ pè é lórí fóònù. Ìyẹn ni ì bá gba ẹni yín ti Ìdànrè.

Ògbójú Oníṣòwò:

Kí ló dé tí ẹ̀ ń da ara yín láàmú pẹ̀lú server àti VPN? Google Sites wà, Google Drive wà, SharePoint ti Microsoft wà. Ẹ yá tiwọn lò, kí wọ́n bá yín gbé wàhálà iná.

Ẹlẹ́rọ Ọgbà FUTA:

Ọ̀gbẹ́ni, ilé àyágbé ni. Meta, àwọn tó ni WhatsApp, ní èyí tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́ nígbà kan, Workplace lórúkọ rẹ̀. Oṣù Karùn-ún 2024 ni wọ́n kéde pé àwọn máa tì í, nígbà tó di ìparí oṣù Kẹjọ 2025, ó dópin fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Àwọn tó fi gbogbo ẹrù wọn síbẹ̀ ní láti kó jáde. Púpọ̀ nínú àwọn ilé àyágbé yìí ló tún ń gba owó lórí orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan lóṣooṣù.

Ògbójú Oníṣòwò:

Ilé àyágbé tó ní iná sàn ju ilé tara ẹni tó ṣókùnkùn lọ.

Ẹlẹ́rọ Ọgbà FUTA:

Ẹ mú mi níbẹ̀ yẹn. Fún inverter tó ń ké ní aago mẹ́ta àti fóònù Ìdànrè, mo gbà: ẹ yá lò ná. Ṣùgbọ́n ẹ máa ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí díìsì tiyín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ̀dà kan sì wà níbi tí kì í ṣe ọ́fíìsì. Ọjọ́ tí onílé bá ní kẹ́ ẹ jáde, ẹrù yín wà lọ́wọ́ yín.

Agbẹjọ́rò Alágbàká:

Ohun kan péré. Nígbà tí ìwé owó oṣù àti ìwé àìsàn bá ti wọ ibẹ̀, Òfin Ààbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 ti kàn yín. Ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn jẹ́ èyí tí òfin náà kà sí ẹlẹgẹ́. Bí dátà bá jò tó sì lè pa ẹni tó ni ín lára, ẹ ní láti sọ fún àjọ tó ń bójú tó òfin náà kí wákàtí 72 tó pé tí ẹ ti mọ̀. Nítorí náà, kí oníkálukú ní orúkọ àti pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, kí ẹ má fi ẹyọ kan pín fún gbogbo ilé. Ẹni tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, kí ẹ ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn lọ́jọ́ náà gan-an, kó tó jẹ jọ̀lọ́ọ̀fù ìdágbére. Ẹni yín tó ń ka iye kòkó láti èṣí yẹn, kò já ilẹ̀kùn wọlé. Ẹ̀yin lẹ kò tì í.

Akọ̀wé Oníkòkó:

Mo padà dé o. Mo ti lo ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe wí. (Tèmi búlúù ni, pupa ti tán.) Ìbéèrè 83 ló wọlé. Iye kòkó kó 31, ìsinmi kó 19, ìwé owó oṣù kó 12. Àwọn yòókù kò ju "Màdáámù, nọ́ńbà dírẹ́bà dà?" lọ. Kò sẹ́ni kan tó béèrè ìtàn iléeṣẹ́.

Mo gbé ìwé náà fún ọ̀gá, ó kà á títí, ó rẹ́rìn-ín. A ti fẹnu kò: ojú-ewé mẹ́ta péré la ó kọ́kọ́ ṣe, lórí èyí tí a yá. Iye kòkó, ìsinmi, nọ́ńbà fóònù. Ìwé owó oṣù á dúró títí a ó fi mọ ilẹ̀kùn tì dáadáa. Àwọn ará Ìdànrè la fi dán an wò, kì í ṣe àwa ti Àkúrẹ́. Ẹni wa tó fi iye àná rajà ló kọ́kọ́ ṣí i, lórí fóònù rẹ̀, níwájú ilé ìkẹ́rù sí. Ó ní lẹ́tà rẹ̀ kéré, a ti mú un tóbi. Gúrúùpù WhatsApp wà níbẹ̀ fún "Ẹ kú ewu ọmọ."

Ọmọ Òkè-Àró:

Àpótí onírin ńkọ́?

Akọ̀wé Oníkòkó:

Ọ̀gá ti fagi lé e. Oníwèé owó kò gbé ìpè mi mọ́.