Ilẹ̀ àyálò lójú ọ̀nà Ìlọrin: kí ni a lè gbìn kí òjò tó lọ?

Ìyàwó Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní ìdajì púlọ́ọ̀tì kan lójú ọ̀nà Ìlọrin. Wọ́n ní ká máa dáko síbẹ̀ títí owó búlọ́ọ̀kù yóò fi pé. N kò dáko rí, ọjà Wazo ni mo ti ń ra ẹ̀fọ́ jẹ. Oṣù kẹsàn-án ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, òjò ṣì ń rọ̀. Koríko ẹ̀kan ló kún ibẹ̀. A bẹ́ ẹ, ó tún ti ń hù. Kànga kan wà lágbàlá kejì, wọ́n ní ká máa fà níbẹ̀. Ọkọ mi ní tòmátì ni ká gbìn torí ó wọ́n. Ìyá mi ní àgbàdo. Èmi ń wá ohun tí a ó rí sè kí Kérésì tó dé. Ewúrẹ́ àdúgbò náà kò sì lólùṣọ́ o.

Baba Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Ọ̀yọ́
Gbin ẹ̀gẹ́, kí o lọ sùn. Ẹ̀gẹ́ kò bẹ̀rù ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Tákìí
Baba, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀gẹ́ dára, àmọ́ ilẹ̀ ta ni? Ẹ̀gẹ́ á fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún kan kó tó gbó dáadáa. Bí owó búlọ́ọ̀kù bá dé ní oṣù kẹta ńkọ́? Wọ́n á da yanrìn lé e lórí. Ìyàwó wa, lórí ilẹ̀ àyálò, ohun tó máa tètè kúrò ńlẹ̀ ni kí o gbìn.

Àgbàdo ti pẹ́. Tútù tí a ń sè jẹ pàápàá ń gbà tó oṣù méjì àbọ̀. Tí o bá gbìn ín lónìí, ìgbà tó bá ń yọmọ gan-an ni òjò àrọ̀kúrò á máa palẹ̀ mọ́. Kí ìyá má bínú. Tí àkọ́rọ̀ bá rọ̀ dáadáa lọ́dún tó ń bọ̀, kí wọ́n gbin tiwọn.

Ẹ̀kan ni kí o kọ́kọ́ kojú. Bíbẹ́ ò pa á, iná ò pa á, ńṣe ló ń tún sọjí. Gbòǹgbò rẹ̀ funfun, ó gùn, orí rẹ̀ mú bí abẹ́rẹ́. Mo ti rí èyí tó gún iṣu wọlé. Lẹ́yìn òjò, tí ilẹ̀ bá rọ̀, fi ọkọ́ wú u tìdí-tìdí, gbọn erùpẹ̀ ara rẹ̀ dànù, kí o kó gbòǹgbò náà kúrò lóko lọ sórí àpáta kí oòrùn pa á. Èyí tó bá já sínú ilẹ̀ á tún hù, bó ti wù kó kéré. Nítorí náà, má wulẹ̀ dojú kọ gbogbo ilẹ̀ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Igun tó sún mọ́ kànga ni kí o tún ṣe, bẹ́ẹ̀dì mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Omi tí apá rẹ ká láti fà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni kí o fi díwọ̀n oko.

Fi tẹ̀tẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kóró rẹ̀ kéré púpọ̀; pò ó mọ́ yanrìn gbígbẹ kó má baà dà sójú kan, fọ́n ọn, kí o fi ẹ̀ka eléwé gbá erùpẹ̀ bò ó fẹ́ẹ́rẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, o ti ń sè é. Ewédú lágídí ní tirẹ̀: èèpo kóró rẹ̀ le, kì í tètè hù. Dì í sínú aṣọ, rì í bọ omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó, ka oókan dé ẹẹ́wàá, yọ ọ́, tẹ́ ẹ kó gbẹ kí o tó fọ́n ọn. Ìgbẹ́ adìyẹ dára fún méjèèjì, àmọ́ tútù rẹ̀ á jó wọn. Kó o jọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó jẹrà ná.

Ẹ bá mi kí tíṣà. Tòmátì wọn, inú abọ́ tó ti lu ni kí ẹ ti tọ́ ọ lábẹ́ ibòòji fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ẹ tó lọ́ ọ sóko. Kó má pọ̀ o. Kànga Ògbómọ̀ṣọ́ wa níbí máa ń fà sẹ́yìn lẹ́ẹ̀rùn, tòmátì ò sì gba ẹ̀bẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Àgíríìkì, Under-G, Ògbómọ̀ṣọ́
Ìyá ti sọ ọ́ tán. Ẹ̀wà nìkan ni mo fẹ́ fi kún un. Ìdajì àkọ́kọ́ oṣù yìí ni àsìkò rẹ̀ níbí, kó lè jẹ́ pé òjò ti dá nígbà tó bá ń gbẹ lórí igi. Èyí tó ń nàró tí kì í fà ni kí ẹ gbìn: kóró méjì nínú ihò kan, sẹ̀ǹtímítà 20 láàárín ihò, 60 láàárín ìlà. Tó bá jẹ́ ti ọjà, ẹ kọ́kọ́ fi kóró mẹ́wàá sínú aṣọ tútù fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Tí èyí tó yọ ẹnu kò bá tó mẹ́jọ, ẹ sè é jẹ. Tó bá ń tanná, ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lójoojúmọ́, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń bà á jẹ́ jù. Tí ẹ bá rí irú ilá tí wọ́n ń pè ní NHAe 47-4, ti NIHORT, ilé ìwádìí èso àti ẹ̀fọ́ ní Ìbàdàn, ó tètè ń so.

Baba Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, Ọ̀yọ́
Mo gbọ́ o. Àmọ́ àbúrò mi náà ń dúró de owó búlọ́ọ̀kù, a ti fi ẹ̀gẹ́ orí ilẹ̀ rẹ̀ ṣe gàrí, a tún ti gbin òmíràn.

Ìyàwó Tíṣà, Ògbómọ̀ṣọ́
Ha, Baba! Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin àgbà. Ìyá, ewúrẹ́ ńkọ́? Owó wáyà ò sí.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́, Tákìí
Lápálápá. Gé ẹ̀ka tó ga dé ìbàdí, rì í mọ́lẹ̀ yí bẹ́ẹ̀dì ká, kó sún mọ́ra débi tí orí ewúrẹ́ ò ní gbà kọjá. Nínú òjò yìí, á ta gbòǹgbò. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Kí ó tó rúwé dáadáa, fi ẹ̀ka ẹlẹ́gùn-ún dí àárín rẹ̀. Kìlọ̀ fáwọn ọmọ, májèlé ni èso rẹ̀. Kí o sì sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ kí o tó rì í, torí tó bá ti mú, fífà tu rẹ̀ ò rọrùn.