Ewé elú tí mo rí nínú Igbó Ọ̀ṣun

Òṣogbo ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ àdìrẹ ni mo fi ń jẹun. Síbẹ̀, ọjọ́ ọdún Ọ̀ṣun nìkan ni mo máa ń dé Igbó Ọ̀ṣun, nínú oṣù Kẹjọ, tí èrò ti kún débi pé èèyàn ò rí ẹsẹ̀ gbé. Kí n dìídì tẹ̀ lé afinimọ̀nà wọ inú igbó, kí n máa wo ewé àti ẹyẹ, kò wá sí mi lọ́kàn rí. Ọmọ mi obìnrin ló fà á. Wọ́n gba ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ lóṣù Keje, ló bá ní gbogbo ọmọ kíláàsì òun ló ti débẹ̀. Mo mú òun àti ọmọ àbúrò mi méjì, a lọ láàárọ̀ Sátidé kan.

Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Bàbá tó mú wa wọlé wọ bàtà rọ́bà tó dé orúnkún. Ó wo sálúbàtà ẹsẹ̀ mi, ó ní, “Màmá, èyí ò ní bá yín dé ibi tí à ń lọ,” ó sì bá mi wá òmíràn. Ó kìlọ̀ fáwọn ọmọ: ẹ má já ewé, ẹ má sọ òkò sí ọ̀bọ, bí mo bá nawọ́ sókè, kí gbogbo ẹnu pa mọ́.

A ò tíì rìn jìnnà tó fi nawọ́ sókè. Ìjàlọ ń kọjá lójú ọ̀nà. Ta ni ò rí ìjàlọ rí? Ṣùgbọ́n mi ò bẹ̀rẹ̀ wò wọ́n rí. Àwọn olórí ńlá tò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, wọ́n kọjú síta, wọ́n la ẹnu sílẹ̀, àwọn kéékèèké wá ń sáré gba àárín wọn kọjá, ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ tata dání. A dúró títí wọ́n fi tán. Bàbá ní àwọn ló ni ọ̀nà, àwa la wá yà wọ́n.

Hẹ́kítà 75 ni igbó náà. UNESCO kà á mọ́ ibi àjogúnbá àgbáyé ní 2005, ìyẹn ni mo ti gbọ́ lórí rédíò. Ohun tí mi ò rò rí ni pé irú igbó àgbà báyìí kò fi bẹ́ẹ̀ kù mọ́ nílẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí àwọn kan fẹ́ gé igi ibẹ̀ tà, Àdùnní Olóríṣà, ìyẹn Susanne Wenger ará Austria tó kú sí Òṣogbo ní 2009, àti àwọn olóríṣà ìlú ló kọ̀ jálẹ̀. Bàbá dúró níwájú ère ńlá kan tí ewédò ti bò lápá kan, ó ní, “Ẹ má rò pé ẹwà nìkan ni wọ́n fi ṣe. Ọgbà ni. Ibi tí ère bá wà, agégẹdú á rò ó kó tó wọ̀ ọ́.”

Nígbà tó yá, ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A ti dé àbàtà. Ọ̀pẹ ògùrọ̀ dúró sínú omi, àkèré ń ké lọ́tùn-ún lósì. Ibẹ̀ ni Bàbá ti bi mí níṣẹ́ tí mò ń ṣe. Mo ní aláró ni mí. Ó rẹ́rìn-ín, ó fà mí lọ sí ìdí igi kan tí ìtàkùn lọ́ mọ́, ó ní, “Ìyá Aláró, kí lèyí?”

Mi ò mọ̀ ọ́n. Elú ni, ewé tí wọ́n fi ń ṣe aró.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó dùn mí. Ìyá ìyá mi gún elú, ó mọ ọ́n róbótó, ó sá a sóòrùn, ó fi omi eérú rẹ ẹ́ sínú ìkòkò. Èmi tí mo jogún iṣẹ́ náà, aró inú ike láti ọjà ni mo mọ̀, pẹ̀lú sódà. Bàbá ṣa ewé kan tó ti já sílẹ̀, ó fún ọmọ mi. Ibi tó ti gbẹ ti dúdú bí aró.

A wá dé etí odò. Omi kékeré tó ń ti inú àbàtà jáde mọ́ gaara, odò Ọ̀ṣun gan-an sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Bàbá ní koríko àti gbòǹgbò ló ń dá omi dúró nínú àbàtà, tí ẹrẹ̀ fi ń rò sílẹ̀. Ní ti odò, àwọn tó ń wa góòlù lọ́nà Ìjẹ̀ṣà ń fọ iyanrìn sínú rẹ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Mo bínú sí wọn gan-an. Bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń sọ fáwọn ọmọ bí igi tí àwọn ará Láróòyè, ọba tó tẹ Òṣogbo dó, gé ṣe wó sínú odò, tó fọ́ ìkòkò aró Ọ̀ṣun, ni mo bá rántí gọ́tà ẹ̀yìn ilé mi. Láti ọdún tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, inú rẹ̀ ni mò ń da omi sódà sí, odò ló sì ń gbé e lọ.

Mo ti gbẹ́ kòtò fún un báyìí. Mi ò ní í da ọ̀kankan sí gọ́tà mọ́.

Ìkòkò amọ̀ ìyá ìyá mi ṣì wà lẹ́yìn ilé, mo fọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò jò. Inú igbó ọ̀hún kọ́ ni mo ti máa wá elú, wọn ò gbà á, kò sì yẹ. Ẹni tó bá ní i lóko, tó lè fún mi ní irúgbìn tàbí ẹ̀ka, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ̀rọ̀.