Ọwọ́ bàbá mi ń gbọ̀n tí wọ́n bá gbé e lé itan. Ọ̀dọ̀ ta ni ká gbé wọn lọ?

Ọmọ Télọ̀, Abẹ́òkúta: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ bàbá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 64 ni wọ́n, wọ́n ṣì ń ránṣọ. Ó ti ju ọdún kan lọ tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ti ń gbọ̀n. Tí wọ́n bá ń fi ṣiṣẹ́, á rọlẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá gbé e lé itan, tí wọ́n ń wo tẹlifíṣọ̀n, ni àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e á máa yí mọ́ ara wọn bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà.

Mo yẹ ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí wò. Ìwé kíkọ wọn ti súnkì, bí wọ́n bá sì ṣe ń kọ ọ́ lọ sísàlẹ̀ ló ń kéré sí i, débi tí ọmọ iṣẹ́ fi ka 38 sí 33, tó sì gé bùbá oníbùbá kúrú. Ejìká ọ̀tún náà ti ń dùn wọ́n ṣáájú, wọ́n gba abẹ́rẹ́ títí. Màmá mi ní wọ́n ń ju ẹ̀ṣẹ́ lójú oorun.

Dókítà kan ní àgbà ló dé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní iṣẹ́ ayé ni, ká gbé wọn lọ bá bàbá kan. Ẹlòmíì tún ní tó bá jẹ́ Parkinson, àìsàn ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n, ká má tètè lo oògùn rẹ̀, pé kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ tó bá yá. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Alhaja Ìyá Ìbejì: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ má fojú di ọ̀rọ̀ ayé o. Èmi ò ní kẹ́ ẹ má lọ ọsibítù ṣá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọmọ mi, kí n tó sọ ohunkóhun, oògùn wo ni bàbá ń lò? Gbogbo ẹ̀ o, títí kan èyí tí wọ́n fúnra wọn ń rà.

Ọmọ Télọ̀: Amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, mà. Wọ́n tún ń ra cinnarizine ní kẹ́míìsì nítorí òòyì, ó ti pẹ́.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ohun tí mo fura sí nìyẹn. Cinnarizine máa ń dí ọ̀nà mọ́ dopamine nínú ọpọlọ. Dopamine yìí ni ọpọlọ fi ń darí ẹsẹ̀ àti ọwọ́, òun náà ló ń tán lọ lára ẹni tó ní Parkinson. Àgbàlagbà tó bá lo oògùn yẹn pẹ́ lè máa gbọ̀n, kí ara rẹ̀ le, kí ìrìn rẹ̀ falẹ̀. Metoclopramide tí wọ́n ń lò fún èébì lè ṣe bẹ́ẹ̀, haloperidol náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ bi dókítà bí wọ́n ṣe máa dá a dúró. Ó lè gba oṣù díẹ̀ kí ara tó bọ̀ sípò. Amlodipine kò sí nínú ẹjọ́ yìí, kí wọ́n máa lò ó lọ.

Àmọ́ ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ti oògùn sábà máa ń mú ọwọ́ méjèèjì. Ti bàbá bẹ̀rẹ̀ lápá kan, ejìká ibẹ̀ ló ti ń dùn wọ́n, ìwé kíkọ ń kéré, wọ́n sì ń jà lójú oorun. Ìjà ojú oorun yẹn lè fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n, bẹ́ẹ̀ náà ni àìgbóòórùn àti ìgbẹ́ líle. Ẹ bi màmá bóyá bàbá ṣì ń gbóòórùn irú nínú ọbẹ̀.

Neurologist, dókítà ọpọlọ àti iṣan ara, ni kẹ́ ẹ wá. Aró kọ́ ni mo sọ o, kí ẹ̀gbọ́n bàbá má baà pariwo! Ẹ gba lẹ́tà lọ sí ọsibítù UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà. Kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Dókítà á ní kí bàbá máa pa ọwọ́ dé, kí wọ́n máa ṣí i, á ká ìgbọ̀nwọ́ wọn wò bóyá ó le, á ní kí wọ́n rìn, á wò ó bóyá apá ọ̀tún ń jù bíi ti òsì. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ ya fọ́tò ọpọlọ, láti rí i pé kì í ṣe nǹkan mìíràn ni. Ẹ kó páálí gbogbo oògùn dání àti ìwé ìwọ̀n yẹn, tuntun àti ti àtijọ́.

Apòògùn Mókọ́lá: Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti oògùn. Levodopa ni ògúnná gbòǹgbò nínú oògùn Parkinson, wọ́n máa ń pa á pọ̀ mọ́ carbidopa. Ọ̀rọ̀ pé kéèyàn má tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ yìí, mo kórìíra ẹ̀. Oògùn wà, èèyàn ò wá lè de bọ́tìnnì ara ẹ̀! Lọ́dún 2014, ìwádìí kan jáde tó fi àwọn aláìsàn ní Gánà, tí oògùn pẹ́ kó tó dé ọwọ́ wọn, wé ti Ítálì tó tètè rí i. Kí oògùn máa tán lára kí àkókò tó pé, tàbí kí ara máa jù síhìn-ín sọ́hùn-ún fúnra ẹ̀, bí àìsàn bá ṣe pẹ́ lára tó ló ń bá a rìn, kì í ṣe bí wọ́n ṣe pẹ́ lórí oògùn tó. Àwọn tó dúró ò jèrè nǹkan kan. Kì í wo àìsàn náà sàn o. Ìrọ̀rùn ló ń fúnni.

Kí wọ́n lò ó ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, torí ẹran, ẹyin àti mọ́ínmọ́ín máa ń bá a du ọ̀nà. Tí inú bá ń rìn wọ́n níbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n fi bísíkíìtì díẹ̀ sí i. Ẹ má lọ ra metoclopramide, ẹ ti gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ.

Alhaja Ìyá Ìbejì: Wọ́n ní wèrèpè dáa fún un?

Apòògùn Mókọ́lá: Ẹ ò purọ́, Alhaja. Levodopa wà nínú kóró wèrèpè lóòótọ́. Ta ló máa wá wọn iye tó wà nínú ife àgbo kan? Tí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn, ó lè pọ̀ jù, kí ìfúnpá já wálẹ̀, kí bàbá ṣubú.

Ọmọ Télọ̀: Ẹ ṣé gan-an. Ṣé èmi náà lè jogún ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ọ̀pọ̀ tó ní in ni kò ní mọ̀lẹ́bí kankan tó ní in. Lọ́dún 2023, ìwádìí kan tí àwọn dókítà wa ní Nàìjíríà wà nínú ẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, rí ìyípadà kan nínú jíìnì GBA1 lára àwa aláwọ̀ dúdú, tó ń mú ewu ẹ̀ pọ̀ sí i. Ẹni tó ní ìyípadà yẹn lè má ní àìsàn náà títí ayé. Gbájú mọ́ bàbá ná.

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham: Ó ti pẹ́ lára màmá tèmi níbí. Kí bàbá máa rìn kíkankíkan lójoojúmọ́. Tí wọ́n bá sì ti bẹ̀rẹ̀ levodopa, ẹ má jẹ́ kó tán nílé. Tó bá ti ku ti ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ ra òmíràn. Dídá a dúró lójijì léwu gan-an.